Níbi Tí Ilẹ̀ Bá Kọ̀: Ọkọ̀ Orí Wáyà Láàárín Ìlú, Láti Rowlett Dé Èkó

Ọkọ̀ orí wáyà, tí ọ̀pọ̀ ará Nàìjíríà ń pè ní kébù káà, ni ọkọ̀ èrò tí kì í fara kan ilẹ̀ láti ibùdókọ̀ kan dé èkejì. Wáyà irin tí wọ́n lọ́ pọ̀ bí okùn ni wọ́n nà sórí àwọn òpó gíga. Ara wáyà yìí ni àgọ́ tí èrò ń wọ̀ rọ̀ mọ́. Àgọ́ náà kò ní ẹ́ńjìnnì. Ìpẹ̀kun ọ̀nà ni ẹ́ńjìnnì oníná mànàmáná wà, tó ń yí kẹ̀kẹ́ ràgàjì kan. Kẹ̀kẹ́ yìí ló ń fa wáyà, wáyà ló sì ń fa àgọ́. Ọkọ̀ tí ìlú San Francisco ń lò láti ọdún 1873, tí òun náà ń jẹ́ kébù káà, kì í ṣe irú èyí: ojú irin tó wà lórí títì ni ìyẹn ń gbà, abẹ́ ilẹ̀ sì ni wáyà tó ń fà á wà.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni wọ́n ń gbà ṣe é. Ti àkọ́kọ́ ní àgọ́ ńlá méjì péré. Ẹni tó bá ti rí kàǹga tí wọ́n ti fi okùn kan so korobá méjì kọ́ sórí kẹ̀kẹ́ ti mọ ọgbọ́n tó wà níbẹ̀: bí ọ̀kan ṣe ń gòkè ni ìkejì ń sọ̀ kalẹ̀, ìwúwo èyí sì ń ran tọ̀hún lọ́wọ́. Àgọ́ kan lè gba nǹkan bí ọgọ́rùn-ún èèyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pẹ́ dé yóò dúró títí ọkọ̀ yóò fi padà. Ti èkejì ni àwọn ìlú ńlá ń rà jù lónìí. Àgọ́ kéékèèké púpọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba èèyàn mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, ló ń tẹ̀ lé ara wọn lórí wáyà kan tó ń yí po láìdúró. Kò sí àkókò kan pàtó tí ọkọ̀ ń gbéra. Ẹni tó bá dé ń wọ èyí tó bá kàn án.

Ibùdókọ̀ ni ọgbọ́n ẹ̀rọ yìí ti dùn ún wò jù. Wáyà kò gbọdọ̀ dúró, nítorí bí ó bá dúró, gbogbo àgọ́ tó wà lókè ló máa dúró. Irin kan tó dà bí èékánná àṣá ni àgọ́ fi gbá wáyà mú. Bí ó bá ti wọ ibùdókọ̀, irin náà yóò la ẹnu, yóò jọ̀wọ́ wáyà, àwọn táyà kéékèèké tí wọ́n tò sókè yóò sì gba àgọ́ náà, wọn yóò máa tì í lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò ní yá ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ. Ìyá tó pọnmọ sẹ́yìn, àgbà tó ń ti ọ̀pá, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara, gbogbo wọn ló ráyè wọlé. Lẹ́yìn náà ni àwọn táyà yóò tún mú eré pọ̀ sí i títí àgọ́ yóò fi bá wáyà dọ́gba, tí irin yóò sì tún pa ẹnu dé mọ́ ọn.

Ìwọ̀n ohun tí ọkọ̀ yìí lè gbé ló yẹ kí ìlú kọ́kọ́ wò. Ọ̀nà kan tó ń lo àgọ́ kéékèèké máa ń gbé nǹkan bí 3,000 èèyàn ní wákàtí kan sí ìhà kan. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tó dáa lè gbé ìlọ́po mẹ́wàá iye yẹn. Eré rẹ̀ náà kò ju mítà márùn-ún tàbí mẹ́fà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tó sún mọ́ 20 kìlómítà ní wákàtí. Nítorí náà, kò lè bá rélùwéè du ipò. Ohun tó fi ta gbogbo ọkọ̀ yòókù yọ ni pé kì í bá ilẹ̀ jà. Òkè tó ga gan-an tí bọ́ọ̀sì ò lè gùn, àfonífojì tó pín ìlú sí méjì, odò tó fẹ̀, àdúgbò tí ilé kún débi tí wọn ò lè la títì sí àfi kí wọ́n wó ilé onílé: gbogbo ìwọ̀nyí ni ó ń gba orí wọn kọjá, tí kò sì bèèrè ju ibi tí wọn yóò ri òpó mélòó kan sí. Níbi tí ilẹ̀ kò bá kọ̀ fún èèyàn láti kọjá, agbára rẹ̀ yìí kò wúlò tó bẹ́ẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ìlú New York ni àpẹẹrẹ tó pẹ́ jù láàárín àwọn tó ń gbé èrò iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ọdún 1976 ni wọ́n ṣí ọ̀nà tó lọ láti Manhattan sí Erékùṣù Roosevelt, lórí odò East River. Àwọn tó kó lọ sí erékùṣù náà ń dúró de rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣèlérí fún wọn, ọkọ̀ orí wáyà yìí sì ni wọ́n fi dí àyè náà fún ìgbà díẹ̀. Ọdún 1989 ni rélùwéè tó dé. Nígbà yẹn, àwọn ará erékùṣù kò fẹ́ kí ọkọ̀ wọn lọ mọ́, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní. Káàdì kan náà tí èèyàn fi ń wọ rélùwéè àti bọ́ọ̀sì New York ló fi ń wọ̀ ọ́, owó kan náà ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2006, iná kọṣẹ́, èèyàn tó lé ní ọgọ́ta sì há sókè odò fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí wọ́n tó kó wọn sọ̀ lóru. Nígbà tí wọ́n tún un kọ́ ní ọdún 2010, wọ́n tú korobá méjì náà kúrò lára ara wọn: àgọ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ tirẹ̀, bí ọ̀kan bá dákú, èkejì lè máa lọ.

Ti Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon, bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ilé ìwòsàn. Orí òkè ni ilé ìwòsàn Yunifásítì OHSU wà, kò sì sí ilẹ̀ tó kù fún un níbẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ tó rí rà wà nísàlẹ̀, létí odò. Ọkọ̀ orí wáyà ló so méjèèjì pọ̀ ní ìparí ọdún 2006, tó fi jẹ́ pé dókítà, nọ́ọ̀sì àti aláìsàn lè gòkè láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 dọ́là ni wọ́n kọ́kọ́ dá lé e; mílíọ̀nù 57 ló jẹ kí ó tó parí. Àwọn tí ilé wọn wà lábẹ́ wáyà náà bínú pẹ̀lú, nítorí ẹ̀yìnkùlé wọn ti di ohun tí èrò ń wò láti òkè. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí a gbọ́ ni. Kò sí ẹni tó máa fẹ́ kí àlejò máa kọjá lórí agboolé òun ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú láìkí òun.

Ní Texas, orí pápá eré àti orí òkè ni wáyà ti wà, kì í ṣe lójú ọ̀nà iṣẹ́. Ní El Paso, ọkùnrin oníṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n kan, Karl Wyler, ló kọ́kọ́ fa wáyà gun òkè Ranger Peak ní ìparí àwọn ọdún 1950 kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lè máa dé ibi òpó tí wọ́n fi ń tan rédíò ká. Ìpínlẹ̀ Texas gbà á, ó sì ṣí i fún àwọn àlejò ní ọdún 2001. Ní ọdún 2018 ni wọ́n tì í nítorí pé ó ti gbó. Ní Dallas, Fair Park ni ó wà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọjà ọdún ìpínlẹ̀ náà. Ọkọ̀ tó kọ́kọ́ wà níbẹ̀ kò rí òpin rere: ní oṣù kẹwàá ọdún 1979, ní ọjọ́ tí ẹ̀fúùfù le, àgọ́ já bọ́ sáàárín àwọn tó ń najú, ẹnì kan kú, ọ̀pọ̀ sì fara pa. Ọdún 2007 ni wọ́n tó gbé òmíràn tó ń jẹ́ Texas Skyway dìde sí pápá kan náà. Nígbà ọjà ọdún nìkan ni èrò ń rọ́ lọ wọ̀ ọ́, láti wo ìlú láti òkè.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1979 kan ìbéèrè tí gbogbo ẹni tó bá gbójú sókè wo àgọ́ wọ̀nyí máa ń bi ara rẹ̀: ṣé kò ní já? Wáyà fúnra rẹ̀ ṣọ̀wọ́n kí ó já. Wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ yẹ inú rẹ̀ wò láti mọ̀ bóyá okùn irin kan ti ń ṣẹ́ nínú rẹ̀. Ibi tí ewu ti sábà ń wọlé ni ọwọ́ èèyàn àti ojú ọjọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, wáyà tó ń fa ọkọ̀ orí òkè Mottarone ní Ítálì já. Bíréèkì pàjáwìrì tó yẹ kí ó di àgọ́ mú kò ṣiṣẹ́ nítorí pé wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ fi irin dè é kí ó má baà máa dá ọkọ̀ dúró. Èèyàn 14 ló kú. Ní Medellín, ní Kòlóńbíà, níbi tí ọkọ̀ yìí ti ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún nígbà yẹn, àgọ́ kan já bọ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ó sì pa ẹnì kan. Ti ẹ̀fúùfù àti mànàmáná yàtọ̀: ìlànà tó wà fún wọn ni pé kí wọ́n kó èrò sọ̀, kí ọkọ̀ sì dúró títí ojú ọ̀run yóò fi mọ́.

Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ yìí kò ṣeé fojú fò ní Rowlett. Ìlú kékeré ni Rowlett, ní àríwá ìlà-oòrùn Dallas. Ìkànìyàn ọdún 2020 ka 62,535 èèyàn níbẹ̀. Ó wà lágbègbè tí ọ̀pọ̀ ará Nàìjíríà ti fìdí kalẹ̀, Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn, láti Garland dé Mesquite. Ní alẹ́ ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 2015, ìjì àjà tí wọ́n ń pè ní tọ̀nédò gba Garland wọ Rowlett. Ó pa èèyàn ní Garland, púpọ̀ nínú wọn nínú mọ́tò lójú ọ̀nà márosẹ̀, ó sì wó ọ̀pọ̀ ilé ní ìlú méjèèjì. Tọ̀nédò kò wọ́pọ̀ lójú kan, ṣùgbọ́n ìjì òjò tó kún fún ààrá kì í ṣe àlejò ní àríwá Texas nígbà ìrúwé. Ọ̀nà wáyà tí wọ́n bá fà síbẹ̀ yóò máa dúró ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, kì í ṣe ìjì ló kọ́kọ́ jẹ́ kí Rowlett ṣe aláìní ọkọ̀ orí wáyà. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì fẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó pàgọ́ sí ojú ọ̀nà ni adágún odò Ray Hubbard, tí ìlú Dallas dá sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1960 nípa dídí ẹ̀ka odò Trinity kí ó lè rí omi mu. Adágún náà yí Rowlett ká ní ìhà mélòó kan, àmọ́ wọ́n ti gbé afárá lé e lórí: ti márosẹ̀ I-30, ti ọ̀nà 66 tó lọ sí Rockwall, àti ti ọ̀nà olówó President George Bush tí wọ́n fà gùn dé ibẹ̀ ní ìparí ọdún 2011. Ilẹ̀ tó bá gba afárá mẹ́ta kò tíì kọ̀ fún ọkọ̀ ilẹ̀.

Rélùwéè ni Rowlett yàn, ọwọ́ rẹ̀ sì pẹ́ kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Ọdún 1983 ni àwọn ará ìlú Dallas àti ti àwọn ìlú tó yí i ká dìbò dá àjọ ọkọ̀ èrò DART sílẹ̀, pẹ̀lú àdéhùn pé sẹ́ǹtì kan nínú dọ́là kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi ra ọjà yóò máa lọ sápò àjọ náà. Rowlett wà lára wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Rélùwéè àkọ́kọ́ ti DART gbéra ní ọdún 1996. Ọjọ́ 3 oṣù kejìlá ọdún 2012 ni Ọ̀nà Búlúù dé àárín Rowlett, tó sì di ìpẹ̀kun rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi san owó orí ọjà kí ọkọ̀ tó dé ẹnu ọ̀nà. Láti ibẹ̀ dé àárín Dallas tó nǹkan bí máìlì ogún. Rélùwéè ń rìn ín láìpé wákàtí kan. Ọkọ̀ orí wáyà, bí eré rẹ̀ ṣe mọ, yóò gba ju wákàtí kan àbọ̀ lọ, àwọn èrò yóò sì wà lórí ìdúró àti ìjókòó nínú àgọ́ kan láìsí ilé ìyàgbẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ wọ Texas Skyway láti Rowlett ń wọ Ọ̀nà Búlúù dé àárín ìlú, á sọ̀, á wọ Ọ̀nà Gíríìnì tó ti ń dúró ní ẹnu Fair Park láti ọdún 2009. Rélùwéè ló ń gbé e dé ìdí wáyà.

Ibì kan ṣoṣo tí èèyàn lè tọ́ka sí fún wáyà ni orí omi, láti ìpẹ̀kun rélùwéè yìí sí Rockwall ní òdìkejì adágún. Ṣùgbọ́n Rockwall kò sí nínú DART, kì í san owó orí ọjà náà, nítorí náà kò sí tíkẹ́ẹ̀tì tó máa so ẹsẹ̀ kan mọ́ èkejì. Àìsí ìdè yìí ju omi lọ. Bí Yorùbá bá ní ọ̀nà kan ò wọjà, ohun tí àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ èrò ń fi kún un ni pé ọ̀nà gbogbo gbọ́dọ̀ pàdé ní ẹnu ọjà kan náà.

Medellín ló kọ́ ayé ní ẹ̀kọ́ yìí. Inú àfonífojì ni ìlú náà wà. Àwọn ọlọ́rọ̀ àti iléeṣẹ́ gba ìsàlẹ̀, àwọn tí ogun àti ìṣẹ́ lé kúrò lóko sì kọ́lé sára òkè títí dé ibi tí bọ́ọ̀sì ń wá ojú ọ̀nà tì. Rélùwéè ìlú náà ti ń ṣiṣẹ́ láti 1995, àmọ́ ìsàlẹ̀ lásán ló ń rìn. Ní ọdún 2004 ni iléeṣẹ́ rélùwéè fúnra rẹ̀ fa wáyà láti ibùdó Acevedo gun òkè Santo Domingo, nǹkan bíi kìlómítà méjì. Ẹni tó bá sọ̀ nínú àgọ́ ń bọ́ sórí pèpéle rélùwéè láìsan owó mìíràn. Ìjọba ìlú náà kò fi mọ sórí wáyà: wọ́n kọ́ ilé ìwé, ilé ìkàwé, ọgbà ìgbafẹ́, wọ́n tan iná sí òpópónà. Ìwádìí tí Magdalena Cerdá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2012 fi hàn pé ìpànìyàn dín kù púpọ̀ ní àwọn àdúgbò tí iṣẹ́ náà dé ju ti àwọn àdúgbò tó jọ wọ́n tí kò dé lọ. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé wáyà nìkan ló ṣe é. Ohun tó dájú ni pé ẹni tó ń gbé lókè dé ibi iṣẹ́ láìsan owó ọkọ̀ méjì.

La Paz, ní Bòlífíà, gbé ọ̀rọ̀ náà kọjá ìyẹn. Níbẹ̀, wáyà kò ran rélùwéè lọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ ni rélùwéè. La Paz wà nínú kòtò kan láàárín òkè, El Alto sì wà létí kòtò náà lókè, ó ga ju 4,000 mítà lọ sí ìpele òkun. Àwọn tó ń gbé El Alto, tí púpọ̀ wọn jẹ́ ẹ̀yà Aymara, ń sọ̀ wá ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ lójoojúmọ́ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Oṣù karùn-ún ọdún 2014 ni Ọ̀nà Pupa ṣí. Nígbà tó fi máa di 2019, ọ̀nà mẹ́wàá ti wà, gígùn gbogbo wọn sì tó nǹkan bí 30 kìlómítà. Iléeṣẹ́ Doppelmayr láti Ọ́stríà ló kọ́ ọ. Àgọ́ elénìyàn mẹ́wàá ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá méjìlá-méjìlá. Orúkọ èdè Aymara wà lára ibùdókọ̀ pẹ̀lú ti Spanish, kí arúgbó tí kò gbọ́ Spanish lè mọ ibi tó dé. Ó yẹ kí àwọn tó ń kọ orúkọ ibùdókọ̀ ní ìlú àwa Yorùbá wo ìyẹn dáadáa.

Mẹ́síkò gbà á lẹ́yìn wọn, Cablebús ṣí ní 2021 pẹ̀lú ọ̀nà tó gùn tó kìlómítà mẹ́sàn-án. Bogotá ti ṣe tiẹ̀ ní òpin ọdún 2018. Toulouse ní Faransé so ilé ìwòsàn àti yunifásítì pọ̀ ní 2022. Ti Rio de Janeiro ló dunni jù. Wọ́n fa wáyà sórí àwọn àdúgbò Complexo do Alemão ní 2011, ibùdókọ̀ mẹ́fà, nígbà tí ayé ń bọ̀ wá wo ìdíje Òlíḿpíìkì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará àdúgbò náà ti ń sọ pé gọ́tà àti omi ẹ̀rọ ni àwọn kọ́kọ́ fẹ́. Ìdíje parí ní oṣù kẹjọ 2016. Kí ọdún náà tó parí, owó tí ìpínlẹ̀ ń san fún àwọn tó ń tukọ̀ ti dúró, àgọ́ sì dúró pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn ará òkè padà sí ẹsẹ̀ wọn.

Lọ́ńdọ̀nù kò rí irú àdánù bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò rí èrò iṣẹ́ náà. Ọ̀nà tó ré odò Thames kọjá láti Greenwich sí Royal Docks ṣí ní oṣù kẹfà 2012. Wáyà rẹ̀ ga tó 90 mítà kí ọkọ̀ òkun lè máa gba abẹ́ rẹ̀. Àwọn Yorùbá tó ń gbé Woolwich àti Thamesmead kò jìnnà sí i, síbẹ̀ rélùwéè tó ń gba abẹ́ odò kan náà yá jù ú lọ, ó sì dé ibi tí wọ́n ń lọ gan-an. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń ra fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù kò ká a. Àlejò àti ọmọ ilé ìwé tó wà ní ìsinmi ló ń gbé.

Ní Áfíríkà, àwọn ará Àlgéríà ló ti pẹ́ jù nídìí iṣẹ́ yìí. Ìlú Algiers ti ní ọ̀nà kan tó gun òkè El Madania láti 1956. Ní Constantine, tí àfonífojì odò Rhumel là sí méjì bí ẹni fi àdá là á, ọ̀nà tí wọ́n ṣí ní 2008 gba ẹnu ilé ìwòsàn ńlá kọjá. Ní Antananarivo, olú-ìlú Madagásíkà, ọkọ̀ orí wáyà tuntun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ jáde ìwọ́de ní oṣù kẹsàn-án 2025 nítorí omi àti iná mànàmáná tí kò sí. Wọ́n dáná sun àwọn ibùdókọ̀ kan lára rẹ̀. Ìwà búburú ni iná sísun, ṣùgbọ́n ìbínú náà ní ìtumọ̀: iná mànàmáná ni ọkọ̀ yìí ń jẹ, àwọn tó sì ń wò ó lókè wà nínú òkùnkùn.

Nàìjíríà ní ọ̀kan, ní Obudu ní ìpínlẹ̀ Cross River. Nígbà ìjọba Donald Duke, ní 2005, ni wọ́n ṣí i: kìlómítà mẹ́rin, ó sì ń gòkè tó 870 mítà sí ibi ìgbafẹ́ orí òkè. Doppelmayr kan náà ló kọ́ ọ. Iṣẹ́ ńlá ni, àmọ́ ti àwọn àlejò ni, ó sì ti wà láìṣiṣẹ́ fún àkókò gígùn láàárín. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn òkè tó lókìkí kò ní èrò lókè mọ́. Àwọn ará Idanre ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wọn. Àkàsọ̀ tó ju ẹgbẹ̀ta lọ ló kù fún ẹni tó bá fẹ́ lọ wo ìlú àtijọ́. Ìdí nìyí tí Medellín kò fi ṣeé gbé ká orí Ìbàdàn tàbí Ẹ̀kìtì bẹ́ẹ̀ lásán. Níbi tí èrò wa pọ̀ sí, omi ni òkè wa. Èkó ni.

Ọ̀sà ló pín Èkó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, afárá mẹ́ta ló gbé ẹrù gbogbo láti ilẹ̀ ńlá wá sí erékùṣù: Carter láti 1901, Èkó láti 1975, àti Third Mainland láti 1990, tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 12. Láàárín ọdún 2010 sí 2015 ni iléeṣẹ́ Ropeways Transport Limited, tí Kápítẹ̀nì Dapo Olumide ṣe olórí rẹ̀ lẹ́yìn tó ti darí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, gba àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ láti kọ́ ọkọ̀ orí wáyà tó máa so Ápápá, Erékùṣù Èkó, Ìkòyí àti Erékùṣù Victoria pọ̀. Àwọn òpó kan máa wà nínú ọ̀sà fúnra rẹ̀. Lórí ìwé, kò sí ìlú kan ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó bá ọkọ̀ yìí mu tó bẹ́ẹ̀: omi wà, èrò wà, ilẹ̀ tí wọ́n lè fi la títì tuntun kò sí. Èrò kankan kò tíì wọ̀ ọ́.

Láti ìgbà náà, ìrísí ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án 2023 ni Ọ̀nà Búlúù ti Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Mile 2 dé Marina, kìlómítà 13, ó sì gba orí omi kọjá wọ erékùṣù. Ọ̀nà Pupa tẹ̀ lé e ní 2024. Káàdì Cowry kan náà ni èrò fi ń wọ rélùwéè, bọ́ọ̀sì BRT àti ọkọ̀ ojú omi ìjọba. Nǹkan méjì tí ọkọ̀ orí wáyà nílò, ìyẹn rélùwéè tó ń ṣiṣẹ́ àti káàdì tó ń ṣí ẹnu ọ̀nà gbogbo, Èkó kò ní wọn nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ètò wáyà yẹn kalẹ̀. Ibi tí Ọ̀nà Búlúù parí sí ni Marina, níwájú omi. Ẹni tó ń lọ sí Erékùṣù Victoria tàbí Ápápá láti ibẹ̀ ṣì ń bọ́ sílẹ̀ wá bọ́ọ̀sì tàbí ọkọ̀ ojú omi, kìlómítà mélòó kan péré. Ìwọ̀n tí àgọ́ elénìyàn mẹ́wàá ń rìn dáadáa nìyẹn. Ọkọ̀ òkun tó ń wọ èbúté Ápápá ń gba ẹnu omi náà kọjá, nítorí náà wáyà tí wọ́n bá nà síbẹ̀ gbọ́dọ̀ ga bíi ti Thames, kí ìpìlẹ̀ òpó rẹ̀ sì wọ inú ilẹ̀ ẹrọ̀fọ̀ jìn tó ìpìlẹ̀ afárá.